Ẹni Tí Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó

Bí ọmọdé bá dé iwájú àgbà ní Ìkirè tàbí ní Àpòmù, tí kò dọ̀bálẹ̀, tí kò sì dáhùn nígbà tí wọ́n pè é, ìyá rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ bú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan náà kò bá wo ojú àgbà, ta ni yóò fura? Ẹ̀kọ́ ilé ni wọn yóò kà á sí. Bẹ́ẹ̀, ní ìlú òyìnbó, àìwojú yìí wà lára ohun tí àwọn dókítà fi ń fura sí ọ́tísímù. Nílẹ̀ Yorùbá, àìkíni lè jẹ́ ohun tí yóò kọ́kọ́ hàn, ìwàkíwà ni wọ́n sì ń pè é, kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé bí a ṣe bí i ni.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ tún ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Nínú ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọ́tísímù, àbọ̀ náà ni yóò wà. Bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé, “Ṣé o kò rí i pé ilẹ̀ dọ̀tí ni?” Yóò ní òun rí i, yóò sì jókòó jẹ́ẹ́. Àfojúdi kọ́, ìbéèrè ni ó gbọ́, ìdáhùn ni ó fọ̀. (Olùkọ́ tó bá fẹ́ràn òwe, iṣẹ́ dé!) Ariwo ẹ̀rọ ìlọta àti gbohùngbohùn oníwàásù ní ọjà Àpòmù, tí ẹlòmíràn kò tilẹ̀ gbọ́ mọ́, lè mú kí ó di etí kí ó sì ké. Òórùn dòdò Ìkirè nínú epo gbígbóná, tí ó ń dá èrò ọkọ̀ dúró, lè lé òun sá.

Kí ni àwọn fúnra wọn wí? Ní 1993, Jim Sinclair, ará Amẹ́ríkà tó ní ọ́tísímù, kọ̀wé sí àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣọ̀fọ̀ ọmọ tó wà láàyè. Ọ́tísímù kì í ṣe aṣọ tí a lè bọ́ kúrò lára ọmọ. Temple Grandin ní àwòrán ni òun fi ń ronú, ìrònú yìí ni ó sì lò láti ṣètò ibi tí wọ́n ń da màlúù gbà láìdẹ́rù bà wọ́n. Ní Àbújá, ní 2025, Kanyeyachukwu Tagbo-Okeke, ọmọ ọdún 15, ṣí àwòrán kan tí ó yà fún aráyé wò, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ lé ní 12,300 mítà onígun mẹ́rin, Guinness sì gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí àwòrán orí kánfáàsì tó tóbi jù lágbàáyé. Ìyìn yẹ ẹ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò ní ya àwòrán kankan, tí àwọn kan kò sì ní fọhùn. Òfin ọdún 2019 tó ka yíya abirùn sọ́tọ̀ léèwọ̀ ní Nàìjíríà kò béèrè ẹ̀bùn lọ́wọ́ wọn.

Ní kíláàsì kan ní Ìkirè, ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kò tó owó: kí wọ́n kọ ètò iṣẹ́ ọjọ́ náà sójú pátákó, kí wọ́n gbé àga rẹ̀ jìnnà sí fèrèsé tó kọjú sí títì, kí wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé, “Gbá ilẹ̀ yìí.”