Ìbínú Ọgọ́rùn-ún Náírà

Ojú mi le. Kì í ṣe pé inú ń bí mi o, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́ tí mò ń ro ohun tí n ó jẹ lálẹ́, ẹni tó bá ń kọjá á ní, "Àǹtí POS, ta ló ṣẹ̀ yín?" Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Púpurú ni mò ń rò. Àmọ́ bí wọ́n bá ti bi mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan, inú á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi lóòótọ́, wọ́n á sì ní, "Ẹ ò rí i? Ṣebí mo sọ bẹ́ẹ̀."

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe náà kò wá gba ojú líle. Tábìlì POS ni mo gbé kalẹ̀ ní Ayétòrò, létí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Òǹdó ti parí. Láti àárọ̀ dalẹ́, owó olówó ni mò ń kà. Ẹni tó bá sì ń ka owó olówó, kò sí bí kò ṣe ní rí ìwà olówó. Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ fún yín nínú ohun tó máa ń bí mi nínú, kí ẹ lè mọ̀ pé ojú mi nìkan kọ́ ló jẹ̀bi.

Àkọ́kọ́ ni ẹni tó máa ń pe PIN rẹ̀ sókè. "Àǹtí, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, mi ò mú awò ojú mi dání." Kí n tó sọ pé kó dúró, ó ti ka nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ níbi ìkómọ. Orí òpó la kọ́lé sí níbí, ohùn sì máa ń rìn lórí omi. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

Ìkejì ni owó tútù. Apẹja á ti òkun dé, á yọ owó nínú ṣòkòtò tó rin gbingbin, á ní kí n fi í ránṣẹ́ sí ọmọ òun ní Àkúrẹ́. Owó náà á ti lẹ̀ mọ́ra, á máa rùn bíi ṣawá. Mo máa ń sá a sórí tábìlì, n ó gbé òkúta lé e kí afẹ́fẹ́ má gbà á lọ sómi. Bí mo bá wá gbé e dé báńkì, obìnrin tó ń gbowó á fi ìka méjì mú un, á wá wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fi í se ọbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló ga jù: ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún náírà. Bí ènìyàn bá gba ₦10,000 lọ́wọ́ mi, ₦300 ni tèmi. "Háà! Ní Igbókọ̀dá, ₦200 ni wọ́n ń gbà!" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Igbókọ̀dá ní báńkì. Èmi ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀, kí n jókòó títí ọkọ̀ á fi kún, torí awakọ̀ ò ní fi èrò mẹ́rin gbéra láéláé. N ó tò sórí ìlà, n ó so owó mọ́ra bọ̀ wálé, n ó máa gbàdúrà kí ẹ́ńjìnnì má kú lójú omi. Ẹ̀rọ POS fúnra rẹ̀ kò gbádùn, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń jẹ ojú ibi tí a ń ki wáyà bọ̀. Ọgọ́rùn-ún náírà yẹn ni ọ̀nà tó wà láàárín Igbókọ̀dá àti Ayétòrò. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ títí, ó ti di àkọ́sórí.

Mo ní ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan tí mò ń kọ ìṣirò ojoojúmọ́ sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fàmì sí ọjọ́ tí ìjà bá pọ̀ lórí tábìlì mi. Eré ni mò ń ṣe. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọjọ́ Mọ́ńdè ló burú jù, bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mọ́ńdè kọ́. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́rin, mo rí i pé àwọn àmì náà máa ń ṣù jọ, tí ìṣù kan á sì tó ọ̀sẹ̀ méjì sí èkejì. Mo rò ó títí. Ọjọ́ owó oṣù kọ́. Ọjọ́ ọjà kọ́. Òṣùpá ni.

Kò sí awo níbẹ̀ o. Òṣùpá àti oòrùn ló ń fa omi òkun. Nígbà tí òṣùpá bá yọ odidi, àti nígbà tí oṣù tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lé, ojú ìlà kan náà ni àwọn méjèèjì máa ń wà sí ayé, agbára wọn á papọ̀, omi á sì kún ju bó ṣe ń kún lọ́jọ́ mìíràn lọ. Lọ́nà jíjìn, ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì nìyẹn. Níbí, omi ló ń wọ yàrá. Ní irú òru bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sùn fọnfọn. A máa ń tẹ́tí sí ìgbì tó ń lu òpó ilé. Ẹni tó ní ọmọ kékeré á gbé e sáyà, ẹni tó ní fìríìjì á gbé e sórí tábìlì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á wá sọ́dọ̀ mi wá gba owó tí wọ́n fẹ́ fi ra pákó àti ìṣó, èmi náà á sì ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, ₦300 ni tèmi." Ẹ ò rí ibi tí ìjà ti ń wá?

Mi ò sọ pé gbogbo ìwàkíwà ló ń ti ọwọ́ omi wá. Bọ̀dá kan wà ládùúgbò wa tó ń bú mi ní gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá, ìbáà jẹ́ omi kún, ìbáà jẹ́ omi fà. Òṣùpá ò mọ nǹkan kan nípa tirẹ̀. Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ àwọn yòókù, àwọn èèyàn jẹ́jẹ́ tí wọ́n kàn ń ṣàdédé gbaná jẹ lórí ọgọ́rùn-ún náírà, mo ti wá mọ ibi tí wọ́n ti sùn.

Ẹ wo ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Lọ́dún tó kọjá, omi gbé ilé ìdáná wa lọ. Odidi ilé ìdáná: ààrò, ìkòkò, àwọ̀n irin tí a ń yan ẹja lé. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ nǹkan kan. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń ṣa pákó tó ṣẹ́kù, ó ń yọ ìṣó lára wọn, ó ń fi òkúta lù wọ́n tọ́ kí a lè tún wọn lò. Àwọn aládùúgbò ní, "Ọkùnrin nìyẹn, ó lọ́kàn." Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó jókòó tì oúnjẹ, kò rí ṣíbí rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣíbí! Ó pariwo débi pé àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tó ń kọjá dákẹ́ láti wò wá. Ta ló mú ṣíbí òun? Kí ló dé tí nǹkan kì í dúró síbi tí òun bá fi í sí nínú ilé yìí? Ìyá wa ò dá a lóhùn. Wọ́n kàn na ṣíbí tiwọn sí i.

Àwọn àgbà ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ní ibòmíràn, òwe ni. Níbí, ilé wa gan-an ni kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ mọ́. Ta ni yóò bá òkun jà? Òkun ò ní nọ́ńbà tí a lè pè, kì í fèsì, kì í tijú. Ṣíbí ni apá ká. Ọgọ́rùn-ún náírà ni apá ká.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé, ní ìlú tí mo ti ń fi owó jẹun yìí, ìgbà kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í ní owó tirẹ̀ lápò. Àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ló tẹ Ayétòrò dó ní 1947, lẹ́yìn inúnibíni tí wọ́n rí níbi tí wọ́n ti wá. Wọ́n fẹnu kò pé ohun gbogbo á jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Àwọn kan ń pẹja, àwọn kan ń hunṣọ, àwọn kan ń ránṣọ. Àwọn kan ń ṣe bàtà, àwọn mìíràn ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ilé búrẹ́dì wà, ilé ìfọṣọ wà. Owó tó bá wọlé, àpò ìlú ló ń lọ. Ìlú ló sì ń bọ́ni, òun ló ń daṣọ boni. Ní 1953, wọ́n ti ní iná mànàmáná, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà ṣì ń tan àtùpà. Stanley Barrett, onímọ̀ ará Kánádà tó wá ṣe ìwádìí níbí, tẹ ìwé jáde nípa ìlú náà ní 1977. Kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀ gan-an, ó wá fún un ní orúkọ mìíràn nínú ìwé: Olowo.

Màmá kan wà tí wọ́n máa ń wá gba owó tí ọmọ wọn bá fi ránṣẹ́. Ọmọdébìnrin ni wọ́n nígbà àpò kan ṣoṣo yẹn. Lọ́jọ́ kan tí nẹ́tíwọ̀kì ò dáhùn, tí àwa méjèèjì jókòó tí à ń wo ẹ̀rọ, mo bi wọ́n pé, "Màmá, nígbà tí ẹ ò ní owó lọ́wọ́ yẹn, kí lẹ wá ń bínú sí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. "Ìwọ ọmọ yìí! Owó la pa pọ̀, a ò pa ìwà pọ̀. Ilé búrẹ́dì ni wọ́n fi mí sí. Bí o bá fún ẹlòmíràn ní èyí tó jóná lábẹ́, kò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ ìsinmi. Ẹni tó bá ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á ní ó ń dí àwọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá dákẹ́ bíi tìrẹ yìí, wọ́n á ní ó ń gbéra ga."

"Wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn náà, Màmá?"

"Èmi gan-an ni wọ́n ń sọ ọ́ sí."

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé nẹ́tíwọ̀kì. Màmá wá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wo ìhà òkun, wọ́n ní, "Àmọ́ nígbà yẹn, bí òpó ilé ẹnì kan bá ṣẹ́, ti gbogbo ìlú ló ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń dá ìṣó rà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1960, ìlú ti gbà kí oníkálukú máa ṣe òwò tirẹ̀, mi ò sì bá wọn jà sí i, torí tábìlì tèmi náà wù mí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí a ṣe ń ṣe é báyìí. Omi kan náà ló ń wọlé gbogbo wa, oníkálukú wá ń dá ra ìṣó, oníkálukú ń dá gbé ìbínú tirẹ̀ wá sọ́dọ̀ Àǹtí POS.

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, tí owó wá di góòlù. Tábìlì mi ṣófo. Mo rò pé wọn á lù mí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ńṣe ni wọ́n jókòó tì mí, tí à ń jọ ṣépè, torí gbogbo wa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìbínú yẹn ní àdírẹ́sì. Àwọn gómìnà kan gbé e lọ sílé ẹjọ́, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pàṣẹ pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà.

Ìbínú omi náà ní àdírẹ́sì. Òkun ò gbọ́ èdè, àmọ́ ìjọba gbọ́. Láti 2004 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun Ayétòrò jáde. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti ń wá gba owó lọ́dọ̀ mi báyìí, òkun ṣì ń wọlé. Ohun tó ń dùn mí nìyí: ìbínú tó yẹ kó dé Àkúrẹ́, kó dé Àbújá, orí tábìlì mi ló ń parí sí. A á pariwo lórí ọgọ́rùn-ún náírà, ara á tù wá díẹ̀, a á sì padà sílé lọ kan pákó.

Nítorí náà, mo ti yí bí mo ṣe ń kí oníbàárà padà. Lọ́jọ́ tí omi bá kún mọ́jú, kí n tó dárúkọ ₦300, n ó kọ́kọ́ bi wọ́n pé, "Ṣé omi wọlé lánàá?" Mi ò dín owó mi kù o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àmọ́ ìdajì ìjà ló ń parí níbẹ̀. Wọ́n á ní ilẹ̀kùn lọ, wọ́n á ní omi gbé ibùsùn ọmọ, wọ́n á ní òpó mẹ́ta ló kù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ìjà, mo ti ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ lẹ́tà sí ìjọba ti ní kí n ya fọ́tò àwọn ojú ìwé náà fún àwọn. Bọ̀dá elébùú mi gan-an sọ tirẹ̀ lọ́jọ́ kan. Yàrá méjì ló ti lọ nílé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bú mi.

Òṣùpá á yọ odidi ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti wá ṣéńjì ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, mo sì ti ra ìwé tuntun.