Ohùn Màmá wà nínú láptọ́ọ̀pù tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́

 

Ní 2016, àwa ọmọ jókòó ti Màmá, a fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n sọ bí bàbá wọn ṣe kúrò l'Ógbómọ̀ṣọ́, tó wọ rélùwéè dé Bukuru nígbà tí ìwakùsà ṣì ń mówó wọlé, àti bí àwọn fúnra wọn ṣe tajà ní ọjà ńlá Terminus títí iná fi jó o ní 2002. Gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò àtijọ́ tá a skáànù, inú láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo la kó o sí. Òjò ba àwọn fọ́tò gan-an jẹ́ lẹ́yìn náà. Màmá ti lọ báyìí. Ìrántí ọdún kan wọn là ń múra ẹ̀ tí láptọ́ọ̀pù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́, kẹ́, kẹ́.

Ká má parọ́, àṣìṣe àkọ́kọ́, tiwa ni. À ń pa á, à ń tàn án. Ẹ̀gbọ́n wa tiẹ̀ gbá a nídìí (wọ́n ní rédíò Bàbá máa ń gbọ́ bẹ́ẹ̀). A ò mọ̀ pé inú hard drive dà bíi giramafóònù, àfi pé abẹ́rẹ́ tibẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kan àwo. Tó bá ti ń dún bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tàn án lè máa ha ojú àwo náà.

Ẹni àkọ́kọ́ tá a gbé e lọ bá fẹ́ format ẹ̀, kó fi Windows tuntun sí i. Ó ní láptọ́ọ̀pù á ṣiṣẹ́. Kí la fẹ́ fi láptọ́ọ̀pù ṣe? Àbúrò wa obìnrin ló já a gbà. Ẹlòmíì ní ká wé e ní náílọ́nù, ká gbé e sí fíríìsà. Ẹ má dán an wò o, omi ló máa kó sí i lára.

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ló gbà wá. Kò tiẹ̀ gbìyànjú láti tún un ṣe. Ó yọ hard drive náà, ó ní ká ra òmíì tó tóbi jù ú lọ, ó wá fi ddrescue, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún èèyàn, ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sínú tuntun. Ibi tó rọrùn ló kọ́kọ́ ń kó, á fo ibi tó bá le, á padà síbẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó sì ń kọ ibi tó dé sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí NEPA ṣe tiwọn lóru, ibi tó dúró sí ló ti tẹ̀ síwájú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìgbà yẹn ló tó wá fi PhotoRec wá fáìlì, inú ẹ̀dà ló sì ti wá a.

PhotoRec ń rí fáìlì, kì í rí orúkọ ẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló jáde, lẹ́tà f àti nọ́ńbà lásán. A jókòó ní pálọ̀, à ń ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan: ríṣíìtì, fọ́ọ̀mù WAEC, orin, ìgbéyàwó ẹni tá ò mọ̀. Nígbà tó yá, a tẹ ọ̀kan, Màmá ní, "Ṣé ẹ ti tàn án? Ẹ jẹ́ n jẹ obì mi tán ná." Kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀.

Mẹ́sàn-án la rí nínú ohùn mọ́kànlá. Èyí tí wọ́n ti ń dárúkọ àwọn tó bá bàbá wọn wọ rélùwéè já láàárín orúkọ. Fọ́tò Màmá níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Terminus jáde, ṣùgbọ́n láti àyà dé ìsàlẹ̀, àwọ̀ eérú ni. Ọmọ tó wà lọ́wọ́ wọn ti lọ. Ẹ̀gbọ́n wa ní àwọn ni, àbúrò ní irọ́ ni, òun ni.

Ẹ̀dà mẹ́ta la ti ṣe báyìí: ọ̀kan nílé, ọ̀kan l'Ógbómọ̀ṣọ́, ọ̀kan lórí Google Drive. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ìyá yín tajà níbẹ̀ kí iná tó jó o, ẹ bá wa yẹ álíbọ́ọ̀mù wò. Obìnrin kan tó wé gèlè aláwọ̀ ewé, tó gbé ọmọ dání. Ẹ fi ránṣẹ́ sí inbox wa.