Ẹnà àti Èdè Ará Ìràwọ̀

Kò ṣòro láti to ọ̀rọ̀ tuntun jọ. Kí àwọn ọ̀rọ̀ náà tó di èdè ni iṣẹ́ wà.

Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 14 tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀yọ́, ń kọ ìtàn àròsọ nípa àwọn ẹ̀dá kan tí ń gbé inú ìràwọ̀ tí ó jìnnà réré. Ó ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ bí 200 fún wọn: orúkọ omi, orúkọ ìyá, orúkọ ọkọ̀ òfuurufú. Iṣẹ́ náà wú mi lórí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka àwọn gbólóhùn rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn, aṣọ ni ó pààrọ̀ fún wọn. Bí nǹkan bá ju ẹyọ kan lọ, á fi "s" sí i nídìí. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ti kọjá, á yí ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe padà. Kò yà mí lẹ́nu. Ní ilé-ìwé rẹ̀, owó ìtanràn ni ẹni tí ó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì ń san.

Àwọn tí ń fi irú iṣẹ́ yìí jẹun mọ ibi tí ó ti le. Marc Okrand, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà tí ó sọ Klingon, èdè àwọn jagunjagun inú fíìmù Star Trek, di odidi èdè, tẹ ìwé atúmọ̀ rẹ̀ jáde ní 1985. Ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé àbọ̀ síwájú, ó fi olùwà sẹ́yìn, kí ó má baà jọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá to Yorùbá bẹ́ẹ̀, "Adé pa ejò" yóò di "Ejò pa Adé". Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ní ti D. O. Fágúnwà, tí ó kàwé ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ níbí, kò tilẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú: Yorùbá tí ó já gaara ni àwọn ẹbọra inú ìwé rẹ̀ ti 1938 ń sọ.

Èmi kò wá olùkọ́ lọ sí Amẹ́ríkà. Ìyá mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnà sì wà lẹ́nu wọn.

Oríṣiríṣi ni ẹnà, ọ̀rọ̀ àdììtú tí a fi ń sọ̀rọ̀ kí ẹni tí kò kàn má baà gbọ́. Àwọn onílù bàtá ní tiwọn, Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ àpilẹ̀kọ lórí ẹnà ní 1982. Ní ilé tiwa, lẹ́yìn sílébù kọ̀ọ̀kan, a ó fi "g" sí i, a ó sì tún fáwẹ̀lì rẹ̀ pè. "Omi" á di "ogomigi", "ọmọ" á di "ọgọmọgọ". "Ń" tí kò ní fáwẹ̀lì, a fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ohùn ni ó ni ọgbọ́n ibẹ̀. Ohùn tí sílébù bá ní ni èyí tí a fi kún un gbọ́dọ̀ gbà. Ọkọ ìyàwó ni "ọgọkọgọ". Ọkọ́ tí a fi ń roko ni "ọgọkọ́gọ́". Ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí Ìlọrin ni "ọgọkọ̀gọ̀". Nígbà tí ọmọ yìí kọ́kọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ìsinmi ọdún Àjíǹde, Màmá fi ẹnà rán an ní ọkọ́ lẹ́yìn ilé. Ó dáhùn pé òun kò tíì tó ẹni tí ń ní ọkọ. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí: Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọmọ-ọmọ wọn kò sì mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ lẹ́nu wọn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ó padà dé, ó ti fa igi lé gbogbo "s" inú ìwé rẹ̀. Àwọn ará ìràwọ̀ rẹ̀ ti ní ohùn mẹ́ta. Ó tún ti jí "òun" wa kó fún wọn. "Ó ní òun ń bọ̀": ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni ń bọ̀. "Ó ní ó ń bọ̀": ẹlòmíràn ni. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìyàtọ̀ yìí, àfi kí a ṣe àlàyé sí i. Ibẹ̀ gan-an ni ogun inú ìtàn rẹ̀ ti wá bẹ̀rẹ̀: ońṣẹ́ kan fi "ó" jíṣẹ́ níbi tí ó yẹ kí ó ti fi "òun" jẹ́ ẹ, ìlú kan sì di ìhámọ́ra de ẹni tí kò bọ̀.

Ní alaalẹ́ ọjọ́ Àìkú, òun àti Màmá a máa fi ẹnà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìyàwó mi, tí wọn kì í sọ ẹnà nílé bàbá rẹ̀, a máa bi mí pé kí ni wọ́n ń sọ. N kò tíì sọ fún un.