Ẹni Kejì Tí Kò Lè Dáhùn

Ní ọdún tí ìyàwó mi lóyún àkọ́bí wa, owó oṣù wa kò wọlé fún oṣù mélòó kan. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo jágbe mọ́ ọn nítorí owó ọbẹ̀ tí ó tètè tán. Ìyá mi tí ó wà lọ́dọ̀ wa kò bá mi jà. Ó pè mí sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Àkànní, ẹni méjì ni o ń jágbe mọ́. Èkejì kò sì lè dá ọ lóhùn." Mo bẹ ìyàwó mi nítorí ojú ìyá mi, ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo ka ìtàn kan. Ní ìparí ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Jámánì dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ àwọn ìlú ìwọ̀-oòrùn Nẹ́dálándì. Òtútù mú tó bẹ́ẹ̀ tí odò tí ọkọ̀ ń gbà di yìnyín. Iṣu òdòdó ni àwọn mìíràn ń sè jẹ. Nǹkan bí 20,000 ènìyàn ni ó kú kí ìyàn náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1945.

Àwọn aboyún wà nínú ìyàn yìí. Nítorí pé ilé ìwòsàn kan ní Amsterdam pa àkọsílẹ̀ ìbímọ mọ́, àwọn onímọ̀ ìṣègùn wá àwọn ọmọ náà rí nígbà tí wọ́n ti dàgbà. Wọ́n rí i pé ara àwọn tí ìyàn bá nínú oyún kò kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó ti àwọn tí a bí ṣáájú ìyàn, tàbí àwọn tí a lóyún wọn lẹ́yìn rẹ̀. Àrùn ọkàn sì pọ̀ jù láàrin àwọn tí ìyàn bá ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2010 fi irú rẹ̀ hàn ní Enugu: ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàrin àwọn tí ìyàn ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 bá nínú oyún tàbí ní ìkókó.

Kí ni ó fà á? Àwọn onímọ̀ gbà pé bí oúnjẹ bá wọ́n fún ọmọ inú, ara rẹ̀ a kọ́ láti ṣọ́ díẹ̀ jẹ. Bí ọ̀pọ̀ bá wá dé lẹ́yìn-ọ̀la, ọ̀pọ̀ náà a di ẹrù fún un. Ìpayà náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí àyà ìyá bá ń já láìsinmi, ohun kan tí à ń pè ní cortisol a pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ibi ọmọ a máa dènà púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. Èyí kì í ṣe àyànmọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ìyàn náà ni ara wọn le títí di ọjọ́ ogbó. Kò sì yẹ kí a di ẹ̀bi ru ìyá. Àwa tí a yí i ká ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Ọjọ́ tí mo ka ìtàn náà ni mo bẹ ìyàwó mi lẹ́ẹ̀kejì, tọkàntọkàn. Ara àkọ́bí wa yá gágá. Síbẹ̀, n kò lè gbé ohùn mi sókè nínú ilé mọ́ kí n má rántí ẹni kejì náà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, a máa ń gbàdúrà fún aboyún pé kí a gbóhùn ìyá, kí a sì gbóhùn ọmọ. Bí aboyún bá wà nílé yín, ẹ bá a pọn omi, ẹ bá a ru ẹrù, kí ẹ sì jẹ́ kí ohùn tiyín náà rọ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò; inú oyún ni a sì ti ń tọ́jú àgbà.