Ikùn Tí Wọn Kò Tíì Rán

Alaalẹ́ ni Màámi ń pè mí láti Iléṣà: "Ṣé wọ́n ti rán ikùn ẹ̀gbọ́n rẹ?" Mo máa ń dáhùn pé, "Wọn ò tíì rán an, Màámi. Ẹ má mikàn." Wọn kì í fèsì. Lójú wọn, ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀ tí wọn ò rán an padà, dókítà ti sọ̀rètí nù nípa rẹ̀.

Hamburg ni ìfun ẹ̀gbọ́n mi ti lu. Ọyún kún inú rẹ̀, ìfun wú débi pé bí wọ́n bá fipá rán ikùn pa, ìfúnpá inú rẹ̀ á sé ẹ̀jẹ̀ mọ́ kíndìnrín, kò sì ní lè mí délẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ ní lílà. Mo dúró ti ibùsùn, mo wò ó: ike tẹ́ẹ́rẹ́ bo ìfun kí nǹkan má baà lẹ̀ mọ́ ọn, fóòmù dúdú wà lórí rẹ̀, ike alálẹ̀mọ́ bo gbogbo rẹ̀ pinpin. Rọ́bà kan so mọ́ ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá ti ń fà, fóòmù á fún jọ, á le bíi pátákó, etí ọgbẹ́ kò sì ní lè tètè sá lọ sí ẹ̀gbẹ́. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú ń wọ́ kọjá nínú rọ́bà náà.

Berlin ni mò ń gbé. Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé mi padà láti Hamburg, August Bier ló ń wá sí mi lọ́kàn, ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ tó dé Berlin ní 1907, tó ń fi ife dígí fa ọyún lójú eéwo. Mo rántí baba Haúsá tó máa ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ ní àdúgbò wa. Iṣẹ́ wọn kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n fífà ni àwọn méjèèjì gbẹ́kẹ̀ lé. Ní Jámánì yìí kan náà, Wim Fleischmann àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ní 1993 nípa fóòmù àti fífà lórí egungun tó dá yọ síta.

Ẹni tí mo ń yìn jù ni Oswaldo Borráez ní Bogotá. Ní 1984, kò ní ẹ̀rọ kankan. Ó la àpò dírípù, ó rán an mọ́ etí ikùn láti fi bo ìfun. Táífọ́ọ̀dù ń lu ìfun àwọn ọmọ wa nílé, níbi tí iná kì í dúró. Àpò dírípù kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ oníṣẹ́ abẹ wa mọ orúkọ ọkùnrin yẹn.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ni etí ọgbẹ́ pàdé. Èmi ni mo kọ́kọ́ pe Iléṣà.

"Wọ́n ti rán an, Màámi."

"Tún un sọ," ni wọ́n wí.