MÀMÁ ẸNI ỌDÚN 66 FẸ́ DÁ RIN ILẸ̀ YÚRÓÒPÙ, ONÍKAN NI WỌ́N TI BẸ̀RẸ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá gbọ́ pé ìyá àgbà kan ní Pópó Àgùdà ń múra ìlú òyìnbó, kí lẹ ó kọ́kọ́ bi í? Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ ó ní, "Ẹ kú ìmúra o, èwo nínú àwọn ọmọ ló bímọ?" Ohun tí gbogbo àdúgbò bi ẹ̀gbọ́n ìyá mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìgbà tí Màmá dáhùn pé kò sẹ́ni tó bímọ, pé àwọn kàn fẹ́ lọ wo ìlú ni, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Wo ìlú kẹ̀? Àwọn nìkan? Pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì? Àwọn kan tiẹ̀ ní ká tètè pe àwọn ọmọ wọn, pé ó jọ pé ara Màmá kò yá.

Ara Màmá yá o. Èmi tí mò ń kọ èyí ni mo bá wọn gbé báàgì lọ sí Oníkan ní Sátidé tó kọjá, èmi ló sì kọ́kọ́ rẹ̀.

TÍṢÀ TÓ RÍ KÁNÁDÀ LÓJÚ FÈRÈSÉ

Iṣẹ́ tíṣà ni Màmá ṣe fún ọdún 34 kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ní ọmọ 60 ọdún. Ọkọ wọn ti di olóògbé. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: ọ̀kan wà ní Àbújá, ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní Kánádà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá ti dé Kánádà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì jẹ́ pé ọmọ tuntun ni wọ́n lọ wẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

"Ọkọ mi," wọ́n wí fún mi, "bí o bá ní kí n sọ bí Kánádà ṣe rí fún ọ, bí kíṣìnnì ṣe rí ni màá sọ. Ojú fèrèsé ni mo ti rí ìyókù. Mi ò kábàámọ̀ o, ọmọ ọmọ mi ni. Ṣùgbọ́n èyí tó kù yìí, tara mi ni."

Ọmọ wọn tó wà ní Àbújá kò fara mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n fi owó náà pààrọ̀ òrùlé ilé. Màmá kò bá a jà. Wọ́n mú ìwé, wọ́n fa ìlà sí i, wọ́n pín owó wọn sí mẹ́ta lójú rẹ̀: apá kan fún ilé, apá kan fún àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ rẹ̀, apá kan fún ìrìnàjò. Wọ́n ní bí owó ìrìnàjò kò bá tó, àwọn á dín ìrìnàjò kù, àwọn ò ní fọwọ́ kan méjì yòókù. Ẹ̀yin àgbà tí irú nǹkan báyìí wà lọ́kàn yín, ibí yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Owó oògùn kì í ṣe owó ìgbafẹ́.

KÍ LÓ WÀ NÍLẸ̀ POTOGÍ?

Mo bi wọ́n léèrè pé ìlú wo ni wọ́n ń lọ gan-an. Wọ́n ní ilẹ̀ Potogí ni, kí àwọn sì tibẹ̀ yà sí Sípéènì. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo wa mọ̀.

Ọmọ Àgùdà ni Màmá. Àwọn ìyá ńlá wọn wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa lọ sí Bahia ní Brazil, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì padà wá tẹ̀dó sí Èkó. Títí dòní, wọn kì í jẹ Ọjọ́ Ẹtì Rere kọjá láì se fréjọ̀n nílé wọn.

"Potogí ló kó wa lọ," ni Màmá wí, "Potogí ló sọ ìlú wa lórúkọ, èdè Potogí ni ìyá ìyá mi fi ń bú wa tí inú bá ń bí i. Ṣé kò wá yẹ kí n mọ ilé ẹni tó ṣe gbogbo ìyẹn?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn Potogí ló pe Èkó ní Lagos, ìlú kan sì wà ní gúúsù ilẹ̀ wọn tó ń jẹ́ Lagos títí di òní olónìí. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹjọ, ọdún 1444, wọ́n já ènìyàn 235 tí wọ́n kó ní Áfíríkà sílẹ̀ ní èbúté ibẹ̀, wọ́n sì pín wọn bí ẹni pín ẹran, ìyá lọ́tọ̀, ọmọ lọ́tọ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà níbẹ̀ báyìí tó ń sọ ìtàn ọjà ẹrú náà. Màmá ní àwọn fẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn, ẹsẹ̀ ọmọ Lagos ti ìhín, tẹ ilẹ̀ Lagos ti ọ̀hún, kí àwọn sì fi owó ara àwọn padà wálé.

A GBA ÌTA TINÚBÚ

Aago mẹ́jọ àárọ̀ la kúrò nílé. Mo rò pé ọ̀nà tààrà la máa gbà, àmọ́ Màmá ní ká kọ́kọ́ gba Ìta Tinúbú. Wọ́n dúró síbi tí ilé Ìlójo wà tẹ́lẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà tí ìjọba fúnra rẹ̀ ti kà mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wó o lulẹ̀. Màmá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ó dáa. Màá lọ rí irú fèrèsé rẹ̀ ní Lisbon. Ohun tí a bá fọwọ́ ara wa wó, òde la ó ti máa lọ wò ó."

A rìn kọjá lábẹ́ àwọn ẹṣin funfun Tafawa Balewa Square, ibi tí wọ́n ti ń sá eré ẹṣin láyé òyìnbó, tí àsíá wa sì ti gòkè lọ́dún 1960. Bí a ṣe wọ Oníkan, Màmá nàka sí ilé ńlá tuntun tí wọ́n fi orúkọ Dókítà John Randle pè, tí wọ́n kọ́ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá, tí Ààrẹ Buhari sì ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí Dókítà náà gbé kalẹ̀ fún àwọn ọmọ Èkó ní 1928 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni ilé músíọ̀mù wà, òun la sì wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín o. Èmi tí wọ́n bí ní Ìdúmágbò, tí mo ka ìwé mẹ́wàá jáde, tí mò ń pe ara mi ní akọ̀ròyìn, mi ò tí ì wọ ilé yẹn rí. Bọ́ọ̀lù ni mo máa ń wá wò ní pápá Oníkan. Mo ti gba iwájú músíọ̀mù kọjá bí ẹgbẹ̀rún ìgbà, tí mo rò pé àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ́ ọ fún.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN

Màmá fún mi ní ìwé kékeré àti bírò. Wọ́n ní níwájú ohun kọ̀ọ̀kan, kí n kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin: kí ni wọ́n fi ṣe é, níbo ló ti wá, ìgbà wo ni wọ́n ṣe é, kí ni wọ́n ń lò ó fún? Wọ́n ní ohun tí àwọn máa ṣe ní Lisbon náà nìyẹn, àwọn ò ní sanwó fún ẹnikẹ́ni láti máa ṣàlàyé fún àwọn.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Amọ̀ Nok tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Idẹ Igbo-Ukwu. Iṣẹ́ ọwọ́ Ifẹ̀. Àwọn igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Mo ń kọ, Màmá ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń fi bírò pupa fa ìlà sí àṣìṣe mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé tíṣà kì í fẹ̀yìn tì.

Nígbà tó kan idẹ Bìní, Màmá sọ ohun tí mi ò ní gbàgbé. Wọ́n ní àwọn alágbẹ̀dẹ ọba Bìní a máa fi idẹ ya àwòrán àwọn Potogí: irun gígùn, irùngbọ̀n, imú ṣóńṣó, ìbọn lọ́wọ́. "Ṣé o rí i? Àwọn baba wa ti fara balẹ̀ wò wọ́n, wọ́n ti ya wọ́n, wọ́n ti tọ́jú àwòrán wọn. Wíwò ni mo fẹ́ lọ wò wọ́n tèmi náà. Mi ò lọ bẹ ẹnikẹ́ni."

Ilé yìí ní ìtàn o. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí i, Kenneth Murray, òyìnbó tíṣà kan tó ti wà nílẹ̀ wa láti 1927, ló sì ṣe wàhálà rẹ̀. Ọkọ̀ Mẹ́sídíìsì tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní ọjọ́ 13, oṣù kejì, ọdún 1976 wà níbẹ̀, tòun ti ojú ọta ìbọn lára rẹ̀. Níbẹ̀ náà ni Ọ̀gágun Gowon ti mú orí idẹ Bìní kan lọ́dún 1973, tó lọ fi ta Ọbabìnrin Elizabeth lọ́rẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi rò pé ayédèrú ni, àfi ìgbà tó di 2002 tí ìròyìn jáde pé ojúlówó ni. Ẹ gbà mí o! Ẹni tí kò mọ iye ohun tó wà nílé rẹ̀ ní í fi í ṣe ẹ̀bùn.

Àmọ́ ayé ń yí. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹfà, ọdún 2025, nínú àgbàlá músíọ̀mù Oníkan yìí ni wọ́n ti ṣayẹyẹ bí orílẹ̀-èdè Netherlands ṣe dá ohun 119 padà, lára ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Bìní lọ́dún 1897. Mo wá bi Màmá pé ṣé wọn ò ní dé Lọ́ńdọ̀nù lọ wo orí idẹ Ifẹ̀ tó wà ní British Museum, èyí tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Fíìsà ọ̀tọ̀ ni ti Lọ́ńdọ̀nù, owó ọ̀tọ̀ ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò orí yẹn wà ní Ifẹ̀. Ọkọ̀ Ifẹ̀ kò béèrè fíìsà."

BÍ WỌ́N ṢE JÁ MÀMÁ KULẸ̀ LẸ́Ẹ̀KAN

Lẹ́yìn náà, a jókòó sábẹ́ ìbòòji, Màmá wá tú báàgì tí mo gbé láti àárọ̀. Fáìlì ló kún inú rẹ̀.

Wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú lọ́dún tó kọjá. Ejẹ́ǹtì kan ló bá wọn kọ fọ́ọ̀mù. Ó kọ ìlú méje fún ọjọ́ 12, ó sì fi òtẹ́ẹ̀lì tí Màmá kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí sí i. Ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè tí mi ò ní dárúkọ dá ìwé wọn padà, wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi fẹ́ wá kò dá àwọn lójú. Owó fíìsà kì í padà. Màmá ní àwọn sunkún lọ́jọ́ náà, kì í ṣe nítorí owó, bí kò ṣe pé wọ́n ka àwọn kún ẹni tó fẹ́ sá lọ, ní ọmọ ọdún 65! Wọn kò sì dá nìkan wà. Ní 2023 àti 2024, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tó béèrè fíìsà Schengen, àwọn tí wọ́n kọ̀ fún lé ní ogójì.

Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá fọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Mo da díẹ̀ kọ fún ẹ̀yin tó bá fẹ́ lọ:

Ìlú mẹ́rin péré, ọjọ́ 18: Lisbon ọjọ́ méje, Lagos ọjọ́ mẹ́rin, Seville ọjọ́ mẹ́ta, Madrid ọjọ́ mẹ́rin. Orílẹ̀-èdè tí ẹ bá ti máa pẹ́ jù lẹ ó ti béèrè fíìsà. Owó rẹ̀ jẹ́ yúrò 90 fún àgbàlagbà láti oṣù kẹfà ọdún 2024.

Ẹ ó ní ìwé adójútòfò ìrìnàjò tó tó 30,000 yúrò ó kéré tán, ìwé báńkì, ìwé owó ìfẹ̀yìntì àti ìwé ilé. Ẹ má san gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kí fíìsà tó jáde. Ibi tó bá ṣeé bá sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi àyè pa mọ́ ni kí ẹ lọ.

Ẹ má lọ ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ tí gbogbo òyìnbó ń gba ìsinmi, tí yàrá ń wọ́n. Oṣù kẹwàá ni Màmá mú. Ilé àlejò tí àwọn Sísítà Kátólíìkì ń tọ́jú ni wọ́n ń kọ̀wé sí, torí ó mọ́, ó sì fọkàn ẹni balẹ̀ ju òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú lọ. Rélùwéè ilẹ̀ Potogí ń gba ìdajì owó lọ́wọ́ ẹni tó bá ti pé ọdún 65. Ẹ ṣáà ti fi páàsípọ́ọ̀tù hàn wọ́n. Ilé àwòrán Prado ní Madrid jẹ́ ọ̀fẹ́ ní wákàtí méjì tó kẹ́yìn lójoojúmọ́. Louvre ní Pàríìsì ń kọ́? Láti oṣù kìíní ọdún 2026 ni wọ́n ti ní kí àwa tí a kì í ṣe ará Yúróòpù máa san 32 yúrò. Màmá fi bírò pupa pa Pàríìsì rẹ́.

Gàrí lè bá yín lọ. Ẹran gbígbẹ àti wàràkàṣì, ẹ fi sílé, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ fi í sínú páálí rẹ̀, kí ìwé dókítà sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

"Ọmọ yín ní Àbújá ń kọ́?" mo bi wọ́n. Màmá fi fóònù hàn mí. Ó ti fi owó ìwé adójútòfò ránṣẹ́. Kò kọ nǹkan mìíràn ju "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pè wá lálaalẹ́" lọ.

Oṣù tó ń bọ̀ ni Màmá máa lọ tẹ̀ka. Wọ́n lè gbà, wọ́n lè kọ̀. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ ó kà á nínú ìwé ìròyìn yìí. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, tí ẹ ti dá rìn lọ sí òkèèrè rí láì jẹ́ pé ọmọ lẹ lọ wẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wa, kí Màmá lè gbọ́n sí i.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a ṣe ń jáde lẹ́nu ọ̀nà, Màmá bi mí lójijì pé ọdún wo ni wọ́n ṣí músíọ̀mù náà. Mo ní 1960. Wọ́n gba ìwé kékeré náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà.

"Sátidé tó ń bọ̀," wọ́n wí, "a tún ń padà wá."