Ìyá Onígàrí Ìgàndó àti Yunifásítì Tí Wọ́n Ti Ń Kọ́ Ènìyàn Láti Fò

Ẹni tí kò bá dé Ìgàndó rí, kí ó wọ dánfó ní Ìkòtún, kí ó sì fi etí sílẹ̀. Mọ́tò kò ní í rìn jìnnà tí ọkùnrin kan yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í polówó àgbo inú ìgò: ó wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó wo àtọ̀gbẹ, ó wo ojú tó ń ṣú. Àwọn èrò a rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ àwọn kan a rà á. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ óò rí ọjà, ẹ óò rí Jẹ́nẹ́rà Alímọ̀ṣọ́, ilé-ìwòsàn ìjọba. Ti Solous, ààtàn ńlá tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí Èkó sí láti ọjọ́ pípẹ́, imú yín ni yóò júwe rẹ̀ fún yín.

Ìyá onígàrí kan wà níbẹ̀ tí èmi àti rẹ̀ ti di ẹbí. Lọ́jọ́ tí mo lọ, mo bá a lórí àpótí, ó dijú, kò ta pútú.

"Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ṣé kò rẹ̀ yín?"

"Kò rẹ̀ mí, ọmọ mi. Àṣàrò ni mò ń ṣe. Àbúrò rẹ ló kọ́ mi, ó ní ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí n kò ti fẹnu kan oògùn Jẹ́nẹ́rà."

Àyà mi já. Ọmọ rẹ̀ tó ti jáde ilé-ìwé gíga ló ń kọ fọ́ọ̀mù sí Maharishi International University, ní Fairfield, ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà. Maharishi Mahesh Yogi, ará Íńdíà, ló dá a sílẹ̀ ní 1971. Ní 1974 ni wọ́n kó o lọ sí Fairfield. Láàárọ̀ lálẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń dijú, tí yóò máa wí ọ̀rọ̀ kan sínú.

Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ wọn. Ìwé-ẹ̀rí wọn kì í ṣe ayédèrú, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i láti 1980. Ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ló ń lọ kọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Gàrí ni o, ṣùgbọ́n yanrìn wà nínú rẹ̀.

Wọ́n ní àṣàrò wọn lè mú kí ènìyàn fò lókè. Ní 1986 wọ́n pe àwọn oníròyìn ní Washington láti wá wò ó. Kí ni wọ́n rí? Àwọn tó ká ẹsẹ̀ lórí fóòmù, tí wọ́n ń tọ bí ọ̀pọ̀lọ́. Kò sí ẹni tó dúró sí òfuurufú.

Wọ́n tún ní bí ìlú bá ní mílíọ̀nù kan ènìyàn, 100 péré tó bá jókòó ṣe àṣàrò pọ̀ yóò dín ìwà ipá kù ní gbogbo ìlú. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje ọdún 1993, wọ́n kó nǹkan bí 4,000 ènìyàn lọ sí Washington. John Hagelin, olùkọ́ físíìsì wọn, kéde pé ìwà ipá ti dínkù. Dínkù sí kí ni? Sí iye tí àwọn fúnra wọn ṣírò pé ì bá ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá wá! Iye ènìyàn tí wọ́n pa ní Washington lọ́dún 1993 sì ju ti 1992 lọ. Ní 1994, wọ́n fún Hagelin ní Ig Nobel, ẹ̀bùn tí wọ́n fi ń dá àwọn onímọ̀ lápàárá.

Mo bi ìyá pé, "Bí ẹ bá pàdánù ₦8,000, tí ẹ ní ₦10,000 ni ǹ bá pàdánù bí kì í bá ṣe pé mo dijú, nítorí náà mo jèrè ₦2,000, ṣé alájọ yín á gbà?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Alájọ wo? Kóńgò tí wọ́n ti tẹ̀ nídìí nìyẹn!"

Ó tán. Ọlọ́jà mọ̀ pé a kì í fi kóńgò ẹni tó ń tajà nìkan wọn ọjà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2004, akẹ́kọ̀ọ́ kan gún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́bẹ pa nínú ọgbà yunifásítì náà gan-an. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun ń fi ìjókòó tún ìlú ńlá ṣe, ilé rẹ̀ là ń kọ́kọ́ wò. Bí ìjókòó bá tó, ẹ jẹ́ ká kó 100 ènìyàn lọ sí Solous, ká wò ó bóyá ààtàn á lọ.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ní 2013, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa àrùn ọkàn ní Amẹ́ríkà sọ pé irú àṣàrò yìí lè bá ènìyàn dín in kù díẹ̀. Wọn kò ní kí ó rọ́pò oògùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ara lè fúyẹ́ lónìí, kí rọpá-rọsẹ̀ dé lọ́la.

Mo bá ìyá pa igbá dé, a jọ rìn lọ sí Jẹ́nẹ́rà. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: ó ti gbéra gan-an. Wọ́n ní àṣàrò kò burú, kí ó máa ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó padà sídìí oògùn lọ́jọ́ náà. Ti ọmọ rẹ̀, mo ní kí ó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà bí wọ́n bá gbà á, ṣùgbọ́n kí ó béèrè iye gbèsè tí yóò san kí ó tó fọwọ́ síwèé.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti fi kóńgò títẹ̀ wọn ìlera fún yín rí? Ẹ kọ̀wé sí wa. Ire o.